Ìtúmọ̀ Atirasin

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò nílò ọkọ mọ́, ẹ bá mi bi í pé ta ló rán an níṣẹ́. Èmi Àríkẹ́, tí gbogbo Osi ń pè ní Ìyá Tèmítáyọ̀, mo nílò ọkọ. Mo tilẹ̀ ti rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe èdè áńgẹ́lì, tí ẹni tó sọ ọ́ lẹ́nu gan-an kò sì mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lójú ọ̀nà Iloffa, aṣọ funfun là ń wọ̀, a sì máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wòlíì Adédayọ̀ ni olórí wa. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń ṣoko bíi gbogbo wa, kì í gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ opó, ohùn rẹ̀ sì dùn bó bá ń kọrin. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ̀mí kì í fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ti gbọ̀n jìgìjìgì, tí fìlà rẹ̀ fò lọ síbi tí wọ́n ń tẹ dùùrù, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀, bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ mọ ibi tí a máa gbẹ́ kànga sí, "Hàipótẹ́núsì!" ló pariwo. Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò tètè rọ̀, ó ní "Páńkíríásì! Páńkíríásì!" títí tí itọ́ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun kan wá fún ìkómọ, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó dijú, ó ní "Pẹnínsúlà." Wọ́n sọ ọmọ náà ní Pẹnínsúlà lóòótọ́, àfìgbà tí bàbá rẹ̀ dé láti Abuja, tó ní òun ò lè máa sanwó ilé-ìwé fún Pẹnínsúlà.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fún Wòlíì ní èdè, ó fún Susanna ní ìtúmọ̀. Susanna ni ẹ̀gbọ́n Gideon, ẹ óò gbọ́ nípa Gideon láìpẹ́. Obìnrin náà ga débi pé bó bá ń wọ ilé onílé, àtẹ́rígbà ló máa kọ́kọ́ kí kó tó kí onílé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ lẹ́nu Wòlíì, gbogbo ìjọ á yíjú sí Susanna. Òun náà á dìde, á gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí, á wá máa ṣa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, títí tí yóò fi rí ibi tó jọ Yorùbá. Páńkíríásì, ó ní ẹ̀mí ní kí a pa ìkà rẹ́ láàárín wa kí òjò tó rọ̀. Hàipótẹ́núsì, ó ní kí a gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé Bàbá Ìjọ. A gbẹ́ ẹ, a kan àpáta. Susanna ní ìgbàgbọ́ wa ló kéré.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń jókòó lẹ́yìn mọ ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé gbogbo wọn ló mọ̀. Favour, ọmọ yunifásítì tó ń darí akọrin bó bá wà nílé, a máa fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ á máa mì. Àwa àgbà rò pé ẹ̀mí ló bà lé e, a sì ń bá a dúpẹ́.

Ó wá kan Gideon. Gàrí ni mò ń yan. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń yan án, èéfín rẹ̀ ti sọ mí di ẹni tó ń sunkún láìsí òkú. Gideon ló máa ń fi ọ̀kadà rẹ̀ bá mi kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀, Dára, ti kú tipẹ́, Susanna tí òun náà jẹ́ opó tí kò bímọ ló sì ń se oúnjẹ fún un nínú ilé wọn. Lọ́jọ́ kan ó bá mi nídìí agbada gàrí, omi ń dà lójú mi, ó gba igbá tí mo fi ń yí i lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó síbi tí atẹ́gùn wà. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yan gàrí náà, ó jóná. Mo jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ gàrí jíjóná tí kò ṣépè, ẹ má wulẹ̀ bi í ní ìbéèrè mìíràn. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Mo ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa gbọ́, wọ́n yọ̀. Tèmítáyọ̀ ọmọ mi pè láti Ilorin, ó ní "Màámi, ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí n máa dààmú nípa yín mọ́." Susanna nìkan ni kò yọ̀. Ó ń gbọn ọṣẹ kúrò lára abọ́, ó ní ká gbé e lọ sí iwájú Ọlọ́run.

A gbé e lọ síwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ Sunday. Èmi àti Gideon kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó di ọwọ́ mi mú, orúnkún ń dùn wá, ṣùgbọ́n inú wa dùn. Wòlíì gbàdúrà dáadáa ní Yorùbá fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo rí fìlà tó fò. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti dé.

"Atirasin!" ni Wòlíì ké. "Atirasin! Atirasin! Atirasin!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi àmì ohùn sí i. Bó ṣe ń pè é, bí ẹni tó ń kọrin tó sì ń sáré, kò sí àmì tó lè dúró lórí ẹ̀.

Susanna dìde. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wò mí, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí. Kò pẹ́ tó fi rí ibi tó jọ Yorùbá lọ́jọ́ náà.

"Àti rà, àti sin," ni Susanna wí. "Báyìí ni ẹ̀mí wí: àti ra pósí, àti sin òkú. Bí àwọn méjèèjì yìí bá wọ ilé kan náà, ọ̀kan yóò ra pósí, yóò sì sin èkejì kí ọdún tó yí po."

Gbogbo ìjọ ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ẹ́!" Ọwọ́ Gideon sì kúrò nínú ọwọ́ mi.

Mo bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tó ti ń wá bàtà rẹ̀. Ó ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Bólú, ṣé ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́?" ni mo bi í. Bólúwatifẹ́ ni orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Tèmítáyọ̀, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù ná."

"Sùúrù títí di ìgbà wo?"

"Títí ẹ̀mí fi máa sọ nǹkan mìíràn." Ó wá gbójú sókè. "Kì í ṣe ikú tèmi ni mò ń bẹ̀rù. Mo ti gbé Dára jáde nínú ulé yẹn. Mi ò lè gbé obìnrin kejì jáde."

Mo fẹ́ bínú sí i, àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò sí ohun tó ń dun èèyàn tó kí ó fẹ́ bínú kí àánú má jẹ́ kó bínú. Mo wá gbé ìbínú náà lọ bá Wòlíì nínú yàrá tó ti ń pààrọ̀ aṣọ.

"Wòlíì, kí ni Atirasin?" ni mo wí.

"Ìyá Tèmítáyọ̀, ẹnu lásán ni mí."

"Ẹnu tó ń jẹun, ó yẹ kó mọ ohun tó ń jẹ."

"Ìtúmọ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn mi," ó ní, ó ń nu òógùn. "Ọ̀rọ̀ á kàn wọ inú mi, mi ò ní mọ ibi tó gbà wọlé. Bó bá di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, á jáde. Ẹ lọ bá Màmá Susanna."

Òótọ́ ló ń sọ, ẹni tí kò bá sì mọ ọkùnrin náà ló máa pè é ní ẹlẹ́tàn. Ilé-ìwé girama ló ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nígbà tó wà ní ìwé kẹta, ohun gbogbo tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ bí ẹrù tí oníbàárà gbàgbé sínú ọkọ̀.

Mo lọ bá Susanna. Ó ń gé ilá lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tó fi ń dáná. Kò ní kí n jókòó, mo jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "àti rà, àti sin yìí. Ẹ ti ṣe mọ̀ pé sin òkú ni? Kí ló dé tí kò jẹ́ sìn, bí ìyàwó tí a ń sìn lọ sílé ọkọ? Kí ló dé tí kò jẹ́ sín, bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀ sídìí? Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ata ló wọ ẹ̀mí nímú, tó sín."

"Ẹ̀mí kì í ṣi ohùn pè," ni Susanna dáhùn.

"Ẹ̀mí tó ní ká gbẹ́ kànga sórí àpáta?"

Susanna gbé ọ̀bẹ ilá sílẹ̀. "Àríkẹ́, ò ń bú ẹ̀mí mímọ́ nínú ulé mi."

Ulé ni àwa ará Osi ń pe ilé; ó sọ "ulé mi" yẹn bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Mo dìde, mo kí i pé ó dàárọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo pinnu láti lọ bá Gideon lóko rẹ̀ lọ́nà Koro. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ. Bóyá mo fẹ́ sọ fún un pé ó dàbọ̀, bóyá mo fẹ́ jù ú ní èbù iṣu. Ó ti gbin àgbàdo tán, ó ń po oògùn tí yóò fọ́n sórí ilẹ̀ kí koríko má baà yọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ike oògùn wà lórí ebè.

"Ìn kú usẹ́ o," ni mo kí i, bí a ṣe ń kí ara wa lóko.

"O káre. Jókòó síbi òjìji."

Mo jókòó. Ó padà sídìí oògùn rẹ̀. Nítorí kí n má baà sunkún, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo lè pe lẹ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú t, r, a. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà onígun-gùn-ún tí àwa Yorùbá kò ní nínú ábídí wa, tí a máa ń fi s rọ́pò. Mo pè é wúyẹ́wúyẹ́. Mo tún un pè. Mo wá pè é sókè.

"A-ti-ra-sin."

Gideon yí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da oògùn sẹ́sẹ̀. "Kí lo wí?"

"Bàbá Bólú, kí lẹ ń pe oògùn yìí?"

"Oògùn àgbàdo. Gbogbo ayé ń pè é ní oògùn àgbàdo."

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni Atirasin. Òun rèé lára ike. Ta ló ka ike yìí?"

Ó ronú. Ó ní Wòlíì wá yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ òun ní Satidé, ọjọ́ tó ṣáájú Sunday yẹn, òun sì ní kó bá òun ka ohun tó wà lára ike nítorí pé ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Wòlíì kà á fún òun.

"Ẹ wá gbọ́ ọ létí yín! Ẹ gbọ́ Atirasin ní Satidé, ẹ tún gbọ́ ọ ní Sunday!"

"Mo gbọ́ ọ," ni Gideon wí. "Mo rò pé àdúrà ló ń gbà sí oògùn náà."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Mo ní ó ti tán nìyẹn, pósí ti di ike, ká lọ múra ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí, ó ní, "Ìyá Tèmítáyọ̀, ta ló bá Báláámù sọ̀rọ̀?"

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

"Bí Ọlọ́run bá lè gba ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ̀rọ̀, ṣé ike oògùn ló máa ṣòro fún un? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kọ́ ló kàn. Ohun tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí níwájú ìjọ ló kàn."

Ẹ wo bí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí kò yẹ. Mo gbé ike náà. Mo ní mo fẹ́ fi han ẹnìkan. Kò bi mí pé ta ni.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo so ike náà mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ funfun mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò wúwo, mo sì ti dé e pa. Títí di ìsinsìnyí mo gbà pé inú ló ń bí mi, kì í ṣe ẹ̀mí. Mo jẹ́ kí wọ́n kọrin títí orin fi gbóná, mo wá ṣubú. Mi ò ṣubú dáadáa, nítorí pé orúnkún mi kò gbà á, mo sì kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti fi aṣọ nù.

"Atirasin!" ni mo ké láti ilẹ̀. "Atirasin!"

Orin dá. Wòlíì dúró bí ẹni tí wọ́n jí ohùn rẹ̀. Susanna ti dìde, ọwọ́ ti wà lẹ́yìn etí.

"Àti rà," ó bẹ̀rẹ̀, "àti..."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, mo jókòó dìde. "Eléyìí gbé ìtúmọ̀ tirẹ̀ dání wá. Báyìí ni ó wí: ẹ pò ó mọ́ omi. Ẹ má fọ́n ọn bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú, bó bá kan ojú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ẹ má jẹun, ẹ má fa sìgá bí ẹ bá ń lò ó. Ẹ pa á mọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó."

"Àmín," ni àwọn kan wí, nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n.

Bàbá Ìjọ ló kọ́kọ́ fura. Àgbẹ̀ ni. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀. "Dúró ná," ó ní, "oògùn àgbàdo mà nìyẹn!"

Mo fa ike yọ lábẹ́ aṣọ, mo gbé e sókè. Ilé Ọlọ́run dàrú. Àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn, tó ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra láti ọdún gbọọrọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn màmá dì mọ́ra wọn. Ẹnìkan ń bèèrè pé Páńkíríásì ńkọ́, ṣé oògùn ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Gideon alára ń rẹ́rìn-ín, mi ò rí gbogbo eyín rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Wòlíì ń wo àjà. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò ní dákẹ́.

"Ó ku ọ̀kan," ni mo wí, mo yíjú sí Susanna ní tààrà. "Ẹ̀mí ní iṣẹ́ Atirasin ni pé ó ń pa koríko, ó ń dá àgbàdo sí."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ojú gbogbo wọn bá ojú mi lọ, ó bá Susanna níbi tó dúró sí. Kò sí ibi tó lè fi ara pamọ́ sí, bó ṣe ga yẹn. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀.

Bí Susanna bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, Yorùbá inú Bíbélì ló máa ń sọ. Lọ́jọ́ náà, èdè ilé ló sọ.

"Àríkẹ́," ni ó wí, "sé èmi ni koríko náà?"

Ó tẹjú mọ́ mi.

"Láti ujọ́ tí ọkọ mi ti kú, ulé Gideon ni mo ń gbé. Mi ò bímọ. Usu tí mo bá gún, òun ló ń jẹ ẹ́. Bó o bá dé, ìwọ ni wàá máa gún usu. Kí n wá máa gún ti ta? Mo gbọ́ Atirasin, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ọ̀kankan nínú wọn rí. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù."

Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé ike náà wúwo lọ́wọ́ mi. Mo ti kó èébú tó pọ̀ wá sílé Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, mi ò rí ọ̀kankan lò nínú wọn. Èmi tí mo ti ń dá jẹun láti ìgbà tí Tèmítáyọ̀ ti lọ sí Ilorin, èmi tí mo máa ń bu ọbẹ̀ sáwo méjì nígbà mìíràn kí ilé lè dà bí ilé, ó yẹ kí n ti mọ ohun tó ń ṣe obìnrin náà kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "kì í ṣe pé mo fẹ́ mú un kúrò lọ́dọ̀ yín. Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀. Ẹni tí yóò dín iye yín kù nídìí abọ́ kọ́, ẹni tí yóò fi kún un ni mí."

Ìjọ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ ju èyí tí Wòlíì lè gbà mọ́ra lọ. Mo rò pé ó fẹ́ gbà wá sílẹ̀ ni, ó sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀. Ó gbọ̀n díẹ̀, fìlà kò fò.

"Hàipótẹ́núsì," ni Wòlíì wí wẹ́lẹ́.

Bí àṣà wa, gbogbo wa yíjú sí Susanna. Ó mi orí. "Mo ti sọ fún yín. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìgbà náà ni Favour sọ ìwé orin kalẹ̀. Ó jọ pé ó ti sú ọmọ náà. "Màmá, ìlà ni," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá ya onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan rí bíi igun ilé, ìlà tó gùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ló kọjú sí igun náà. Òun ló so orí àwọn méjì tó kù pọ̀."

"Tó gùn jù nínú mẹ́ta?" ni Susanna bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó so méjì tó kù pọ̀?"

"Láìsí i, wọn ò lè pàdé lápá ibẹ̀, mà."

Susanna wo Gideon, tí orí rẹ̀ kò kọjá èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo èmi tí mo ṣì jókòó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti wá ìwọ̀n. Ó fi gèlè nu ojú, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí bí ìṣe rẹ̀, ó sì tẹ́tí pẹ́.

"Ẹ̀mí ní," ó wí, "kí èmi tí mo gùn jù ó mú wọn pàdé. Ó ní kí Àríkẹ́ máa bọ̀ nínú ulé." Ó sinmi díẹ̀. "Àdògán ẹ̀yìnkùlé, temi ni o. Ẹ̀mí kò sọ nǹkan kan nípa àdògán."

Mo ṣe Àmín tí wọ́n gbọ́ dé Oke-Opin. Gideon wá fà mí dìde, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo gbé ike náà fún un. Mo ní kó gbé e padà sóko lójú ẹsẹ̀, kó gbé e síbi tí ọwọ́ èmi àti Susanna kò ní tó.